Ìwé Ẹ̀rí Dúlà: Ohun Tí Ó Ń Fún Ni Àti Ohun Tí Kò Lè Fún Ni

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo mú dáhùn nínú ìtẹ̀jáde yìí, agbègbè Ìkòròdú ni gbogbo wọn sì ti wá. Èyí àkọ́kọ́ ló gùn jù, òun náà ni mo sì fún ní àyè tó pọ̀ jù, nítorí pé ohun tí ó béèrè ni ọ̀pọ̀ obìnrin ń bi mí lójúkojú láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin ìyá wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ìgbógbó ni mò ń gbé, iṣẹ́ aṣọ rírán ni mo sì ń ṣe. Ní ọdún tó kọjá, àbúrò mi rọbí fún nǹkan bíi wákàtí 16 ní ilé ìwòsàn kan, èmi ni mo sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nítorí pé ọkọ rẹ̀ rin ìrìn àjò. Mo ń bá a ra ẹ̀yìn, mo ń fún un ní omi mu, mo sì ń bá a sọ̀rọ̀ títí ó fi sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀. Nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí rẹ̀ wá sọ fún mi pé ohun tí mo ṣe yẹn, àwọn kan ń kọ́ ọ níṣẹ́, dúlà ni wọ́n sì ń pè wọ́n. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi kò ti kúrò níbẹ̀. Mo ti rí oríṣiríṣi ìpolówó ẹ̀kọ́ náà lórí fóònù mi. Òmíràn ní ọjọ́ méjì péré ni, òmíràn ní oṣù mẹ́fà, òmíràn tilẹ̀ ní bí mo bá ti sanwó lónìí, ìwé ẹ̀rí á tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́la. Ìyá ọkọ mi ní iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mo fẹ́ jí ṣe, pé ẹjọ́ ni mo fẹ́ fà wọ ilé àwọn. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni iṣẹ́ yìí gan-an? Irú ẹ̀kọ́ wo ni kí n gbà? Ṣé ìwé ẹ̀rí náà lè mú mi wọ yàrá ìrọbí ní ilé ìwòsàn ìjọba? Ṣé ènìyàn sì lè rí owó jẹun níbẹ̀?
Ìyá Ìbejì, Ìgbógbó.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú àdúrótì àbúrò. Ẹ jẹ́ kí n ti ibi ẹ̀rù ìyá ọkọ yín bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ẹ̀rù náà ní ìdí. Agbẹ̀bí ni ẹni tí ọmọ ń bọ́ sí lọ́wọ́. Òun ló ń yẹ ẹnu ilé ọmọ wò láti mọ bí ó ti ṣí tó, òun ló ń gbọ́ bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù nínú oyún, òun ló ń gún abẹ́rẹ́, tí ó ń gé ìwọ́, tí ó sì ń dúró de ìkejì ọmọ títí yóò fi jáde pátápátá. Dúlà kì í ṣe ẹyọ kan nínú gbogbo èyí. Obìnrin tó ń rọbí fúnra rẹ̀ ni iṣẹ́ tirẹ̀: ẹ̀yìn tó ń ro ó, ètè tó gbẹ, ẹ̀rù tó ń bà á, ìbéèrè tó fẹ́ bi dókítà ṣùgbọ́n tí ìrora gbà lẹ́nu rẹ̀. Bí ẹ bá dì í mú láti òní pé ọwọ́ dúlà kì í dé ibi tí ọwọ́ agbẹ̀bí ń dé, ẹ ti kọ́ ìdajì iṣẹ́ náà, ẹ sì ti rí èsì fún ìyá ọkọ yín.

Ìdí tí iṣẹ́ yìí fi wà kò fara sin fún ẹnikẹ́ni tó ti ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù ìrọbí. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, kì í ṣe ohun àjèjì kí nọ́ọ̀sì méjì máa tọ́jú obìnrin mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà ní òru. Mo ṣì rántí obìnrin kan tó di etí aṣọ mi mú, tí ó ń bẹ̀ mí pé kí n má fi òun sílẹ̀, tí mo sì ní láti fi ọwọ́ ara mi tú àwọn ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ń dà lára ẹni tó wà lórí ibùsùn kejì. Àwọn méjèèjì ló gbọ́ ohùn ọmọ wọn. Síbẹ̀, bí obìnrin yẹn ṣe ń wò mí bí mo ti ń lọ kò tíì kúrò lójú mi títí di òní. Ẹnì kan ṣoṣo kò lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn méjì. Ẹlòmíràn ló yẹ kí ó wà níbẹ̀, ẹni tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó má lọ.

Inú èdè Gíríìkì ni ọ̀rọ̀ náà “dúlà” ti wá, obìnrin tó ń ṣe ìránṣẹ́ ló sì túmọ̀ sí níbẹ̀. Dana Raphael, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan tó kọ́ ìmọ̀ nípa àṣà àti ìgbé ayé ẹ̀dá, ló mú un lò ní ọdún 1973 fún obìnrin tó ń dúró ti ìyá ìkókó kí ọmú fífún lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ni àwọn dókítà méjì, Marshall Klaus àti John Kennell, pẹ̀lú àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn, ṣe ìwádìí ní ilé ìwòsàn kan ní orílẹ̀-èdè Guatemala. Wọ́n fi obìnrin kan tí kò kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ti àwọn aboyún kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n sì jẹ́ kí àwọn yòókù dá wà gẹ́gẹ́ bí ilé ìwòsàn náà ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1980, ó hàn pé láàrin àwọn tí ìrọbí wọn kò ní ìṣòro, àwọn tó dá wà lò ju wákàtí 19 lọ láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé títí ọmọ fi dé, nígbà tí àwọn tó ní ẹni lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò lò tó wákàtí 9. Ohun tó wú mi lórí jù níbẹ̀ ni pé àwọn aboyún náà kò mọ obìnrin yẹn rí tẹ́lẹ̀. Kò gún wọn ní abẹ́rẹ́, kò fún wọn ní àgbo, kò ṣe ju pé kí ó wà níbẹ̀, kí ó di ọwọ́ wọn mú, kí ó sì máa bá wọn sọ̀rọ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní Guatemala jìnnà sí wa, Ìbàdàn kò jìnnà. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn ńlá UCH níbẹ̀, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní ọdún 2009, fi hàn pé àwọn aboyún tí kò ní ẹni tí wọ́n yàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn nígbà ìrọbí fi nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún súnmọ́ iṣẹ́ abẹ ju àwọn tó ní lọ. Ní ọdún 2017, àwọn olùwádìí àjọ Cochrane, tó ń ṣe àgbéyẹ̀wò ìwádìí ìṣègùn, kó ìwádìí 26 jọ, nínú èyí tí àwọn obìnrin tó lé ní 15,000 ti kópa, wọ́n sì rí i pé ẹni tí wọ́n dúró tì láìfi í sílẹ̀ sábà máa ń bímọ fúnra rẹ̀ láìsí iṣẹ́ abẹ, ìrọbí rẹ̀ a máa yá díẹ̀, kì í sì í fi ìbànújẹ́ rántí ọjọ́ náà bí ti ẹni tó dá wà. Ní ọdún 2018 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé wá kọ ọ́ sínú ìlànà rẹ̀ pé gbogbo obìnrin tó bá ń rọbí ló yẹ kí ó ní ẹnì kan tí òun fúnra rẹ̀ yàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ kọ ọdún yìí sínú ìwé yín, Ìyá Ìbejì, nítorí pé ẹ óò nílò rẹ̀ ní ọ́fíìsì mátírọ̀n.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ àti ìwé ẹ̀rí, ibẹ̀ ni ìdàrúdàpọ̀ pọ̀ sí jù. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yàtọ̀ sí ìwé ẹ̀rí, ìwé ẹ̀rí náà sì yàtọ̀ sí ìwé àṣẹ. Ìwé àṣẹ ni ohun tí ìjọba ń fún nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí lẹ́yìn tí wọ́n bá yege nínú ìdánwò Ìgbìmọ̀ Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí ilẹ̀ Nàìjíríà. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ wọn láìní in ti rú òfin. Ìwé ẹ̀rí dúlà kì í ṣe irú rẹ̀. Ẹgbẹ́ tàbí ilé ẹ̀kọ́ ló ń fún ni, ohun tí ó sì ń sọ ni pé ẹni yìí ti kọ́ ohun tí a ní kí ó kọ́, a ti yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, ó sì ti ṣèlérí pé òun yóò pa ìlànà wa mọ́. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nínú àwọn ẹgbẹ́ tó lórúkọ jù ní àgbáyé ni DONA International wà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1992. Klaus àti Kennell tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, Penny Simkin, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn aboyún àti àwọn dúlà, sì wà pẹ̀lú wọn. CAPPA, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1998, jẹ́ òmíràn. Ọ̀nà tí irú àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ń tọ̀ kò yàtọ̀ síra púpọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́kọ́ jókòó sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó máa ń gba nǹkan bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Yóò ka àwọn ìwé tí wọ́n yàn fún un, yóò kọ́ bí ara ṣe ń bímọ àti bí ọmọ ṣe ń mu ọmú. Lẹ́yìn èyí ni yóò dúró ti àwọn aboyún gidi, ó kéré tán mẹ́ta ní ti DONA, tí ìyá ọmọ àti nọ́ọ̀sì tàbí dókítà tó wà níbẹ̀ yóò sì kọ ohun tí wọ́n rí nípa rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ náà. Ó lè gba oṣù mélòó kan, ó sì lè ju ọdún kan lọ, nítorí pé oyún kì í tẹ̀lé kàlẹ́ńdà akẹ́kọ̀ọ́. Bí ìwé ẹ̀rí náà bá tilẹ̀ ti dé, wọn a máa ní kí ó tún un ṣe lẹ́yìn ọdún mélòó kan, kí ó sì fi hàn pé òun ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́.

Nítorí náà, ẹni tó polówó ẹ̀kọ́ ọjọ́ méjì lè má parọ́ fún yín, bí ó bá sọ fún yín pé ìbẹ̀rẹ̀ ni ọjọ́ méjì náà. Ẹni tó ní kí ẹ sanwó lónìí kí ẹ gba ìwé ẹ̀rí lọ́la, tí kò sì bi yín bóyá ẹ ti dúró ti aboyún kankan rí, bébà lásán ló ń tà, ẹ má dá a lóhùn. Kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, ẹ bi olùkọ́ náà ní iye ìrọbí tí òun fúnra rẹ̀ ti dúró tì. Ẹ bi í bóyá ẹnì kan yóò yẹ iṣẹ́ yín wò lẹ́yìn ẹ̀kọ́, àti ẹni tí ìyá ọmọ lè fi ẹjọ́ yín sùn bí ẹ bá ṣe àṣìṣe. Ẹ sì bi í ní ohun tí dúlà kò gbọdọ̀ ṣe. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni mo fi ń dán wọn wò. Olùkọ́ tó mọṣẹ́ yóò ti máa sọ ọ́ kí ẹ tó béèrè tán: kò gbọdọ̀ yẹ abẹ́ wò, kò gbọdọ̀ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kò gbọdọ̀ fún ni ní oògùn tàbí àgbo, kò gbọdọ̀ dá dókítà lóhùn dípò ìyá ọmọ. Bí ó bá ní òun yóò kọ́ yín ní bí a ṣe ń fi ọwọ́ yí ọmọ padà nínú oyún, tàbí tí ó ń ta epo ìrọbí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ẹ dìde níbẹ̀.

Ẹ óò rí i pé púpọ̀ nínú ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n kọ fún ibi tí aboyún kọ̀ọ̀kan ti ní yàrá tirẹ̀, tí balùwẹ̀ wà nínú rẹ̀, tí ó sì lè pe fún abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora láti ẹ̀yìn nígbà tó bá wù ú. Ẹ kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ó já yín kulẹ̀ nígbà tí ẹ bá bá ibùsùn mẹ́fà àti aṣọ ìkélé kan. Ohun tí ẹ óò fi kún un ni ti ìlú wa: ìgbà tí ó yẹ kí ìyá ọmọ kúrò ní Ìmọ̀ta tàbí Báyékù bí òjò bá ti ba ọ̀nà jẹ́, ẹni tó ní ọkọ̀ tó lè gbé e ní aago méjì òru, ibi tí káàdì rẹ̀ wà, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá tirẹ̀ mu, àti bóyá gbogbo ohun tí ilé ìwòsàn kọ fún un láti rà ti pé sínú báàgì. Mo ti rí aboyún tí omi rẹ̀ já tí wọ́n ṣì ń wá páádì kiri Sábó. Dúlà tó bá ti yẹ báàgì náà wò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ti ṣe iṣẹ́ tí kò sí nínú ìwé òyìnbó kankan.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò le láti kọ́. Bí ìrora bá dìde, tí ó bá jẹ́ pé ìdí ẹ̀yìn ló ń ro ó jù, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ egungun ìdí náà mọ́lẹ̀ gírí títí ìrora yóò fi rọlẹ̀, kí ẹ sì bi í bóyá kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sí i tàbí kí ẹ dẹ ọwọ́. Ẹ jẹ́ kí ó rìn bí kò bá sí ìdí tí dókítà fi ní kí ó má rìn. Ẹ jẹ́ kí ó fara ti ògiri, kí ó kúnlẹ̀ kí ó fi ọwọ́ méjèèjì tilẹ̀, kí ó fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn bí ó bá rẹ̀ ẹ́. Ẹ máa rán an létí kí ó lọ tọ̀, nítorí pé àpò ìtọ̀ tó kún a máa dí ọmọ lọ́nà, obìnrin tó ń rọbí kì í sì í rántí. Ẹ bá a mí: ẹ mí sínú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹ sì tú u jáde kí ó pẹ́ ju bí ẹ ti fà á sínú lọ, òun náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé yín láìmọ̀. Bí ọmọ bá dé tí àlàáfíà sì wà, ẹ bá a bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbé e lé ìyá rẹ̀ láyà, kí ó lè mu ọmú láàrin wákàtí kìíní.

Ohun tó le ni ẹnu. Àwa tí a ti wà ní wọ́ọ̀dù mọ irú ọ̀rọ̀ tí obìnrin máa ń gbọ́ nígbà tó bá kígbe, pé ṣé òun nìkan ló ń bímọ ni, pé nígbà tí ó ń dùn, ṣé ó pe ẹnikẹ́ni. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí a jọ ṣiṣẹ́, ó sì dùn mí pé mo dákẹ́ ní àwọn ọjọ́ kan tí kò yẹ kí n dákẹ́. Obìnrin lè gbàgbé bí ìrora náà ti rí, ṣùgbọ́n yóò sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún yín lẹ́yìn ogún ọdún. Kì í ṣe iṣẹ́ dúlà láti bá nọ́ọ̀sì jà lórí rẹ̀. Kí ẹ súnmọ́ etí ìyá ọmọ ni, kí ẹ sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ̀rọ̀ mìíràn lé e lórí, kí ó lè jẹ́ pé èyí tí ẹ sọ ni yóò rántí. Ẹ pe oríkì rẹ̀ bí ẹ bá mọ̀ ọ́n. Mo ti rí i tí “Àdùkẹ́” tí wọ́n pè ní pẹ̀lẹ́ mú èjìká tó ti le rọ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, dídákẹ́ ni ó ń fẹ́, kí ẹ kàn jẹ́ kí ó mọ̀ pé ẹ ṣì wà níbẹ̀.

Ní ti ilé ìwòsàn ìjọba, ìwé ẹ̀rí kò lè fi ipá ṣílẹ̀kùn fún yín. Ẹni tó ń ṣàkóso wọ́ọ̀dù ló ń sọ ẹni tí yóò wọlé, àwọn wọ́ọ̀dù kan kì í sì í gba ẹnikẹ́ni nítorí pé kò sí aṣọ ìkélé tó láti bo àwọn obìnrin yòókù. Ohun tó lè mú yín wọlé ni pé ìyá ọmọ yàn yín, wọ́n sì ti mọ̀ yín níbẹ̀. Ẹ bá a lọ ní ọjọ́ àyẹ̀wò àwọn aláboyún, ẹ rí mátírọ̀n, ẹ kúnlẹ̀ kí i, kí ẹ sì mú ìwé kékeré kan lọ́wọ́ tí ẹ ti kọ ohun tí ẹ máa ń ṣe àti ohun tí ẹ kì í ṣe sí, kí ìlànà ọdún 2018 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ mátírọ̀n ló ń bẹ̀rù pé ẹ ń bọ̀ wá ṣọ́ àwọn ni. Bí wọ́n bá rí i nígbà àkọ́kọ́ pé ẹ kò dí wọn lọ́wọ́, pé ẹ nu ilẹ̀ nígbà tí omi dà, pé ẹ sáré pè wọ́n nígbà tí ẹ rí ohun tí kò dára, ẹ̀rù yẹn yóò lọ. Mo gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ ti ilé ìlera kékeré tó wà nítòsí yín ní Ìgbógbó bẹ̀rẹ̀, níbi tí àwọn nọ́ọ̀sì ti mọ ojú yín, kí ẹ tó lọ bá ilé ìwòsàn ìjọba ńlá ní Ìkòròdú.

Owó wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n kì í yára dé, nítorí náà ẹ má ta ẹ̀rọ ìránṣọ yín. Àwọn mẹ́ta tí ẹ óò fi kẹ́kọ̀ọ́, owó ọkọ̀ nìkan ni kí ẹ gbà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àdéhùn sínú ìwé ní èdè Yorùbá tí ìyá ọmọ àti ọkọ rẹ̀ lè kà, kí ẹ gba apá kan nígbà tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì gba ìyókù lẹ́yìn ìkómọ. Ẹ wá ẹnìkejì tí yóò dúró fún yín bí aboyún méjì bá rọbí lọ́jọ́ kan náà. Ẹ má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ilé ìwòsàn aládàáni kankan pé ẹ mú aboyún wá, nítorí pé láti ọjọ́ tí ẹ bá ti gbà á ni ẹ kò ti lè gba obìnrin náà nímọ̀ràn mọ́ láìjẹ́ pé owó ń bá yín sọ ọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ìyá mi ń gbẹ̀bí ní Ìjẹ̀dẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, orúkọ rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ Ìgbìmọ̀ Ìṣègùn Ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ Èkó. Mo ti gba ẹ̀kọ́ dúlà, mo sì ń dúró ti àwọn aboyún tó ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó wá ní nígbà tí mo ti gba ìwé, kí n máa bá òun yẹ ẹnu ilé ọmọ wò, kí n sì máa gbẹ̀bí bí òun kò bá sí nílé. Mi ò fẹ́ kọ̀ sí i lẹ́nu. Kí ni kí n ṣe?
Ọmọ Agbẹ̀bí, Ìjẹ̀dẹ́.

ÌDÁHÙN: Ọmọ Agbẹ̀bí, ẹ kọ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ̀ ọ́ lórí ìkúnlẹ̀. Orúkọ ìyá yín ló wà ní ìwé ìgbìmọ̀ náà, ti yín kò sí níbẹ̀. Ìwé dúlà kò sì fún yín láṣẹ láti gba ọmọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bí kò ṣe pé pàjáwìrì já lu yín ní ibi tí kò sí ẹlòmíràn. Bí ó bá jẹ́ pé gbígba ọmọ ni ọkàn yín ń fẹ́, ẹ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ agbẹ̀bí, kí ẹ ṣe ìdánwò Ìgbìmọ̀ Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí. Inú mi yóò dùn, nítorí pé ẹni tí ó ti ilé agbẹ̀bí wá máa ń ní sùúrù tí ìwé kò lè kọ́ni.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí ẹ lè ṣe níbẹ̀ báyìí tí ìyá yín kò lè dá ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ máa ń dí, ẹ̀yin ni ojú yín wà lára obìnrin náà láìgbé e kúrò. Bí orí bá ń fọ́ ọ gidigidi tí ojú rẹ̀ sì ń ṣú, bí ara rẹ̀ bá gbóná, bí omi tó já bá ní àwọ̀ ewé, bí ìwọ́ bá yọ ṣáájú ọmọ, bí giri bá mú un, ẹ̀yin ni ẹ óò kọ́kọ́ rí i. Lẹ́yìn ìbí, ẹ máa wo ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́. Ìdajì lítà ni wọ́n fi ń ṣe òdiwọ̀n, bí omi inú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti tó bẹ́ẹ̀ tí kò sì dáwọ́ dúró, kì í ṣe ìgbà tí à ń wá ewé. Ẹ pe ọkọ̀, kí ẹ sì bá a wọ inú rẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, lẹ́yìn ètò Àbíyè tí ìjọba wọn bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2009, wọ́n tún ṣe èyí tí wọ́n pè ní Agbẹ̀bíyè, nínú èyí tí wọ́n ti ń rọ àwọn ìyá agbẹ̀bí láti máa mú aboyún wá sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì ń fún wọn ní ẹ̀bùn fún un. Ẹ fi èyí han ìyá yín. Ẹ sọ fún un pé orúkọ rẹ̀ kò ní bàjẹ́ nítorí obìnrin tí ó tètè gbé lọ, àti pé ẹ̀yin ni ẹ óò máa bá a sin wọn dé ọ̀hún, tí ẹ kò sì ní padà títí wọn yóò fi sọ̀ kalẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ ǹlẹ́ o, mà. Ìyàwó mi lóyún oṣù méje, àkọ́bí wa ni. Ó ní òun fẹ́ gba dúlà kan tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ júwe. Mi ò bínú sí owó náà, ṣùgbọ́n èmi náà fẹ́ wà níbẹ̀. Ṣé obìnrin yìí kò ní gba ipò mi?
Ọkọ Ìyàwó, Àgíríìkì, Ìkòròdú.

ÌDÁHÙN: Ọkọ Ìyàwó, inú mi dùn pé ẹ fẹ́ wà níbẹ̀. Dúlà tó mọṣẹ́ kì í gba ipò ọkọ. Òun ni yóò fi ibi tí ẹ óò tẹ̀ lẹ́yìn ìyàwó yín hàn yín, òun ni yóò jẹ́ kí ẹ lè lọ jẹun lẹ́yìn wákàtí mẹ́wàá láìjẹ́ pé ìyàwó yín dá wà, òun ni yóò sì sọ fún yín pé igbe tí ẹ ń gbọ́ yẹn kì í ṣe ti ikú nígbà tí ẹsẹ̀ yín bá ń gbọ̀n. Ẹ pè é wá sílé kí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ sọ̀rọ̀ kí oṣù kẹjọ oyún náà tó parí. Bí ẹ kò bá fẹ́ràn bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀ sí yín, ẹ wí fún ìyàwó yín.

Ẹyọ ohun kan ló lè dá ìṣòro sílẹ̀: àwọn wọ́ọ̀dù kan kì í gbà ju ẹnì kan lọ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ìyàwó yín ni yóò yàn, ohunkóhun tí ó bá sì yàn, ẹ má kà á sí àìfẹ́ràn yín. Ẹ bi mátírọ̀n ní ọjọ́ àyẹ̀wò tó ń bọ̀ ní iye ènìyàn tí wọ́n ń gbà wọlé, àti bóyá ẹ̀yin àti dúlà lè máa pààrọ̀ ara yín. Lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ tiyín wò pẹ̀lú, bóyá ó bá ti ìyàwó yín mu, bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé ó nílò ẹ̀jẹ̀.